Bí Ẹ Ṣe Máa Mú Ọmọ Ajá Mọ Ọ̀dọ̀ Onígbàjámọ̀ Ajá

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọmọ ajá onírun púpọ̀ bíi Lhasa, Eskimo tàbí Poodle kì í yé béèrè pé: ìgbà wo ló yẹ kí n gbé e lọ gẹrun, kí ni mo sì máa ṣe kó má baà máa gbọ̀n tí wọ́n bá tan kílípà? Ìdáhùn rẹ̀ rèé ní kúkurú. Ẹ máa fọwọ́ kan ara rẹ̀ nílé láti ọjọ́ tó bá ti dé ọwọ́ yín. Ẹ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára kejì, kó kàn lọ rí ibẹ̀ ni. Kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti pé. Gígẹ irun gan-an lè dúró di oṣù 5 tàbí 6.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù: ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́ yìí, irun kọ́ là ń wá lọ. Ohun tí à ń wá ni pé kí ọmọ ajá náà kúrò níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Bí irun rẹ̀ kò bá dọ́gba nígbà tí ẹ gbé e wálé, kò sóhun tó bàjẹ́. Irun á hù, wọ́n á sì tún un gẹ. Ìbẹ̀rù tó bá wọ ọmọ ajá lára lórí tábìlì yẹn ni kì í tètè kúrò.

## Abẹ́rẹ́ ló ṣáájú irun

Ṣọ́ọ̀bù tí ajá púpọ̀ ń wọ̀ jẹ́ ibi tí àrùn ti lè ràn. Pávò, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù nínú wọn. Inú ìgbẹ́ ajá tó ní in ló ti ń jáde, ó sì lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ìgbẹ́ náà kúrò. Ilẹ̀ tó mọ́ lójú kò túmọ̀ sí pé pávò kò sí níbẹ̀.

Bí dókítà ẹranko ṣe sábà máa ń to abẹ́rẹ́ náà nìyí:

- abẹ́rẹ́ àpapọ̀ àkọ́kọ́, tó ń dènà pávò, dìsítẹ́ńpà (àrùn mìíràn tó ń pa ọmọ ajá) àti ẹgbẹ́ wọn, ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8;
- wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16;
- abẹ́rẹ́ dìgbòlugi láti nǹkan bí oṣù 3.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọpọlọ ọmọ ajá kì í dúró de abẹ́rẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ló máa ń gba ohun tuntun mọ́ra jù lọ. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ohun tí kò bá rí rí a máa kọ́kọ́ fura sí i. Bí ẹ bá sé e mọ́lé pátápátá títí ọ̀sẹ̀ 16 fi pé, àkókò tó rọrùn jù láti kọ́ ọ ti kọjá lọ. Ohun tó bójú mu ni kí ẹ gbé e lọ ní apá yín tàbí nínú kéèjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rárá, kí ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí ajá mìíràn tó dé, kí ẹ sì tẹ́ táwẹ́lì tiyín sórí tábìlì kí ẹ tó gbé e lé e. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín bóyá pávò ń jà ládùúgbò lọ́wọ́. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dúró. Ẹni tí kò bá tíì ní dókítà lè gbé ajá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ní Abẹ́òkúta.

Ẹ má gbé e lọ wẹ̀ lọ́jọ́ tó gba abẹ́rẹ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ 3, nítorí ara rẹ̀ lè máa ro ó, ó sì lè máa ṣe ibà díẹ̀.

## Iṣẹ́ ilé: ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó lọ

Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ti tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, nígbà tó bá ti ṣeré tó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ bọ ẹran adìẹ láìfi iyọ̀, máàgí tàbí àlùbọ́sà sí i, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Àlùbọ́sà kì í ṣe oúnjẹ ajá, ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́.

Ọwọ́ ló ń ṣáájú, ẹran ló ń tẹ̀lé e. Ẹ fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà kí ẹran bọ́ sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ẹran hàn án kí ẹ tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, láìpẹ́ ẹran gan-an ni yóò máa sá fún, torí ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

1. Ẹsẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e di ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ kí èékánná yọ síta, ẹ ka ení, èjì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ fún un ní ẹran. Ìka kan ti tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má fà á padà, ẹ má sì jẹ́ kó já gbà; ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín tẹ̀ lé ẹsẹ̀ náà síbi tó ń lọ, bó bá ti dẹ ara sílẹ̀ ni kí ẹ tú u sílẹ̀. Ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé jíjókòó jẹ́ẹ́ ló ń mú ọwọ́ kúrò. Ẹ má gbàgbé èékánná kékeré tó wà lókè ẹsẹ̀ iwájú lápá inú: kì í kan ilẹ̀, nítorí náà kì í jẹ fúnra rẹ̀, ó sì lè ká wọ inú ẹran ara rẹ̀.
2. Etí, ẹnu àti ìdí ìrù. Ẹ gbé etí sókè, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ rọra di irun àgbọ̀n rẹ̀ mú, torí ibẹ̀ ni onígbàjámọ̀ máa dì mú nígbà tó bá ń gẹ irun tó yí ojú ká.
3. Búrọ́ọ̀ṣì àti òòyà. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì pa á lára, lẹ́yìn náà ẹ fi eyín rẹ̀ yà á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Fún Lhasa àti Poodle, ẹ ní láti fi òòyà onírin tọ ipa búrọ́ọ̀ṣì. Bí òòyà kò bá dé awọ, irun òkè nìkan lẹ yà, dàda ń dì lábẹ́ rẹ̀.
4. Orí tábìlì. Ẹ tẹ́ ohun tí kì í yọ̀ sórí tábìlì tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ yín kan gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọmọ ajá tó bá fò láti orí tábìlì lè kán lẹ́sẹ̀.
5. Ariwo kílípà. Kílípà tí bàbá ilé fi ń gẹ irùngbọ̀n ti tó. Kí ẹnìkan tàn án ní yàrá kejì nígbà tí ajá ń jẹun. Lójoojúmọ́ kó máa sún mọ́ díẹ̀. Nígbà tí ariwo náà kò bá jọ ọ́ lójú mọ́, ẹ pa á, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan èjìká ajá. Ní ọjọ́ mìíràn ẹ tàn án, ẹ tún fi ẹ̀yìn rẹ̀ kàn án kó mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Ẹ kò ní gẹ ohunkóhun.
6. Díráyà. Bákan náà ni: ariwo láti òkèèrè, lẹ́yìn náà atẹ́gùn tútù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má fẹ́ ẹ sí i lójú tàbí létí láé.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ni jẹnẹrétọ̀ wà. Bí ẹ bá ní tiyín nílé, ẹ máa fún ọmọ ajá lóúnjẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Á dín ìpayà rẹ̀ kù lọ́jọ́ náà.

Bí ìpele kan bá le fún un, ẹ padà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìpele 5 máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́wọ́ àwọn kan, kò sì burú.

## Bí ẹ ṣe máa mọ onígbàjámọ̀ tó yẹ

Ẹ kọ́kọ́ lọ fúnra yín láìmú ajá dání. Ẹ dúró níbẹ̀ ní bíi ìṣẹ́jú 20, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ajá ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè:

- Ṣé ẹ ń gba káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà? Ẹni tí kò béèrè tiyín kò béèrè ti ajá tó kúrò lórí tábìlì kí tiyín tó dé.
- Kí lẹ fi ń fọ tábìlì àti agbada ìwẹ̀? Blíìṣì tí wọ́n fi omi là máa ń pa pávò. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ kì í pa á.
- Báwo lẹ ṣe ń gbẹ irun? Ọwọ́ ló yẹ kó di díráyà mú. Bí wọ́n bá ń ti ajá mọ́ kéèjì tí wọ́n sì gbé díráyà gbígbóná kọjú sí i, ẹ má fi tiyín sílẹ̀ níbẹ̀. Ooru inú kéèjì lè pa ajá, pàápàá àwọn onímú pẹlẹbẹ bíi Pug àti Bulldog.
- Tí ajá bá kọ̀ ńkọ́? Ìdáhùn tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni pé wọ́n á dáwọ́ dúró, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ní òun á fún un ní oògùn oorun, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Dókítà ẹranko nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn, lẹ́yìn tó bá yẹ ọkàn àti ìwọ̀n ajá náà wò.

Ẹ wo okùn tó wà lórí tábìlì náà. Kì í ṣe ohun burúkú, kí ajá má baà fò ni. Àmọ́ bí ẹ bá rí i tí wọ́n fi ajá sílẹ̀ lórí okùn náà tí wọ́n lọ gba fóònù, ó tó ẹ̀rí. Ajá tó bá já bọ́ níbẹ̀, okùn yẹn ló máa fún un lọ́rùn.

## Ohun tí ẹ máa kó lọ

- [ ] káàdì abẹ́rẹ́
- [ ] táwẹ́lì 2
- [ ] ẹran adìẹ wẹ́wẹ́ nínú ike
- [ ] búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ̀ nílé
- [ ] okùn ọrùn àti okùn ìfà tó bá a mu
- [ ] omi tútù àti abọ́
- [ ] ìwé kékeré tí ẹ kọ ibi tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn sí

## Ìgbà àkọ́kọ́: ìkíni

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni. Kí oníṣọ́ọ̀bù fún un ní ẹran, kó gbé e lé tábìlì, kó fi òòyà kàn án lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó tan kílípà sí ẹ̀gbẹ́ kan láìfi kàn án. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ sanwó àkókò rẹ̀ bó tilẹ̀ ní kí ẹ má san án. Ẹni tí wọ́n bá sanwó fún kì í kánjú.

## Ìgbà kejì: ìwẹ̀

Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ju ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 1 lọ.

1. Ẹ fún un lóúnjẹ ní wákàtí 2 sí 3 ṣáájú, kì í ṣe kété kí ẹ tó jáde. Ẹ jẹ́ kó tọ̀ kó sì yàgbẹ́.
2. Ẹ ya irun rẹ̀ nílé. Irun tó ti lọ́ pọ̀ kò gbọdọ̀ kan omi kí wọ́n tó tú u. Bí omi bá wọ̀ ọ́ tó sì gbẹ, ńṣe ló máa ki sí i.
3. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìgbónwọ́ yín ni kí ẹ fi wò ó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí omi ti bẹ̀rẹ̀, kó tó gun ẹ̀yìn, kó tó dé ọrùn. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nu ojú.
4. Ọṣẹ ajá ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì ṣan án títí irun á fi máa dún gírígírí lọ́wọ́. Ọṣẹ tó bá kù sábẹ́ irun ló máa ń fa yíyún tí àwọn èèyàn ń pè ní àrùn awọ.
5. Táwẹ́lì ló máa gba omi tó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà díráyà lórí ìpele tó rẹlẹ̀ jù.
6. Orí èékánná nìkan. Nínú èékánná funfun, ẹ máa rí ẹran pupa tó wà nínú rẹ̀; kí abẹ má dé ibẹ̀. Èyí tó dúdú, kí wọ́n máa gé e fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, kọ́ọ̀nfiláwà ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 láìgbé ọwọ́ kúrò.

Bí ó bá gba ìwẹ̀ tó sì kọ èékánná, ẹ fi èékánná sílẹ̀.

## Ìgbà kẹta: gígẹ irun

Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lẹ́yìn ìwẹ̀ àkọ́kọ́. Irun ojú, abẹ́ ẹsẹ̀ àti ìdí ni kí wọ́n kọ́kọ́ gẹ. Bó bá fara balẹ̀, kí wọ́n gẹ ara yòókù. Bí kò bá fara balẹ̀, ó di ìgbà kẹrin.

Ẹ ṣọ́ ooru abẹ kílípà. Abẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ máa ń gbóná débi tó lè jó awọ ikùn ọmọ ajá. Onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń fi í kan inú ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ lóòrèkóòrè, á sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń ta á. Ọmọ ajá tí kílípà bá jó lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ejò bù jẹ rí ni: ariwo rẹ̀ nìkan ti tó láti mú un sá.

Fún ajá onírun gígùn, ẹ múra sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 6 sí 12. Nígbà yẹn ni irun ọmọdé ń bọ́ fún irun àgbà, àwọn méjèèjì á máa lọ́ mọ́ra. Ẹni tó ń ya irun ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní láti máa yà á lójoojúmọ́.

## Àmì pé ó ti tó

Ẹ dá iṣẹ́ dúró bí ẹ bá rí i pé:

- ó ń lá ètè tàbí ó ń yán láìsí oorun;
- funfun ẹyinjú rẹ̀ ń hàn;
- ó ki ìrù bọ abẹ́, ó ń gbọ̀n, tàbí ó le gbagidi láìmira;
- ó kọ ẹran adìẹ tó ń gbà tẹ́lẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dájú jù. Ajá tó kọ ẹran kò lè kọ́ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà àfi ìbẹ̀rù. Bó bá sì kùn, ẹ má lù ú, ẹ má sì jágbe mọ́ ọn. Kíkùn ni ìkìlọ̀ tó ní. Ajá tí wọ́n bá lù kúrò nínú kíkùn yóò kọ́ láti máa bù èèyàn jẹ láìkìlọ̀.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Fífá Eskimo, Samoyed, Alsatian tàbí Caucasian kodoro nítorí ooru. Irun wọn pín sí ìpele méjì, ti inú tó rí wúruwùru àti ti òde tó gùn. Ti òde ló ń gba oòrùn sára kó má dé awọ. Bí wọ́n bá fá a, oòrùn á máa jó awọ rẹ̀, irun náà sì lè padà hù ní jágbajàgba. Kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì yọ irun inú tó ti kú, ooru rẹ̀ á dín kù.

Fífi ọ̀tápiápiá wẹ ọmọ ajá nítorí eégbọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Oró tó ń pa ẹ̀fọn náà ń gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ajá á sì tún fi ahọ́n lá ìyókù. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń gbọ̀n, tó ń yàgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ ajá ṣan án, kí ẹ sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Oògùn eégbọn tó yẹ ọmọ ajá wà. Ẹ ka ọjọ́ orí àti ìwọ̀n kílò tó wà lára páálí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn, ẹ má wẹ ajá ní ọjọ́ 2 ṣáájú rẹ̀ àti ọjọ́ 2 lẹ́yìn rẹ̀. Apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí lára ohun ìwẹ̀ ajá rárá.

Fífi àlùmọ́gàjí gé dàda nílé. Awọ máa ń gòkè wọ inú dàda láìhàn, ẹ̀gbẹ́ etí àti abíyá ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún kílípà.

Lílọ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tàbí Iléyá. Ajá kún ibẹ̀ nígbà yẹn, ọwọ́ wọn sì há. Ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday láàárọ̀ ló dára jù fún ọmọ ajá.

## Bí ṣọ́ọ̀bù bá jìnnà

Àwọn onígbàjámọ̀ kan ń wá sílé, pàápàá ní Èkó àti Ìbàdàn. Ọmọ ajá máa ń tètè fara balẹ̀ nílé, kò sì ní pàdé ajá mìíràn. Àmọ́ ẹ sọ fún un kó fi blíìṣì fọ irin iṣẹ́ rẹ̀ kó tó wá, kó sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ẹranko náà ń wẹ ajá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ajá aláìsàn ń lọ, nítorí náà ẹ gba wákàtí àkọ́kọ́ lówùúrọ̀. Bí ajá yín bá jẹ́ Boerboel, Rottweiler tàbí ajá ilé wa onírun kúkurú, ẹ lè máa wẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì máa gé èékánná rẹ̀ nílé, kí ẹ kàn máa gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ 8 síra wọn kó má gbàgbé ọwọ́ àjèjì. Lhasa àti Poodle kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ.

## Nígbà tí ẹ bá délé

Ẹ fún un ní omi, kí ẹ jẹ́ kó sùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tú irun abíyá, ẹ̀yìn etí, ikùn àti ìdí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó pọ́n tàbí ó bó. Pípọ́n díẹ̀ á lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí ẹ kò bá jẹ́ kó máa lá a. Bó bá ń ṣomi, tó bá ń gbọn orí tàbí tó ń fi ìdí wọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lọ bá dókítà, kí ẹ sì pe onígbàjámọ̀ náà kí ẹ sọ ibi tó wà fún un, kó lè pààrọ̀ abẹ tó lò níbẹ̀ nígbà mìíràn.